Ìwé Ìwọ̀n

Ọlọ́kadà já mi sílẹ̀ níbi tí ọ̀dà ti tán.
Kì í ṣe ẹ̀rù, ó ní, epo ni.
Mo wo ojú ẹ̀, mo san owó ẹ̀,
mo fẹsẹ̀ rin ìyókù dé Rafin Kanya
láàárín ọgbà orọ́ àti oko ọ̀dùnkún,
ìwé bàbá mi lábíyá mi, èèpo ẹ̀yìn ẹ̀ ti já.

Télọ̀ ni bàbá mi, ará Ògbómọ̀ṣọ́,
ogójì ọdún ló fi tẹ maṣíìnì nílùú Jọ́ọ̀sì.
Òun ló ń rán yunifọ́ọ̀mù iléèwé ibí yìí,
ṣẹ́ẹ̀kì àyìnrín, ọrùn funfun.
Lọ́dọọdún ni yóò gun kẹ̀kẹ́ wá,
yóò tò wọ́n sábẹ́ igi máńgòrò,
yóò fi téèpù yí wọn láyà,
téèpù ń yún wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Kaneng Chollom: àyà mẹ́tàlélógún.
Bot Dachung: apá ọ̀tún gùn díẹ̀.
Vou ọmọ alágbẹ̀dẹ: ó ní kí n fi àpò kún un.
Bàbá mi ò kàwé púpọ̀. Ohun tó rí ló ń kọ.

Lẹ́yìn ọ̀sán ọjọ́ náà
òun ni wọ́n ránṣẹ́ pè,
torí iná ò fi ojú ọmọ sílẹ̀ fún ìyá ẹ̀ láti fi dá a mọ̀.
Ṣùgbọ́n ìṣẹ́tí kù díẹ̀ níbì kan,
bọ́tìnnì kù, òwú kù.
Ó kúnlẹ̀, ó ń ka ojú abẹ́rẹ́ ara ẹ̀.
"Tèmi nìyí," ló ń wí, "tèmi nìyí,"
bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ olè.
Nígbà tó délé, ìyá mi bu omi fún un,
ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó gbàgbé láti yọ ọ́.

Wọ́n ti mọ odi yí ibẹ̀ ká báyìí.
Òkúta dúdú kan ló dúró, ó ga dé èjìká mi.
Òdòdó oníke, oòrùn ti gba àwọ̀ ẹ̀.
Bàbá Tok tó ń ṣọ́ ibẹ̀ fún mi ní ìwé kí n fọwọ́ sí:
orúkọ, ibi tí o ti wá, ohun tí o ní láti sọ.
Mo kọ méjì. Mo fi ẹ̀kẹta sílẹ̀.

Mo fi ìka tọ òkúta lọ.
Kaneng wà, wọ́n gbàgbé lẹ́tà ìkẹyìn.
Bot wà. Vou wà.
Mọ́kàndínlógún lára òkúta.
Ogún nínú ìwé bàbá mi.
Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ;
ẹni tó gbẹ́ òkúta yìí, ilé wo ló wò?

Yúnúsà ọmọ Árdò: àyà méjìlélógún.
Kì í dúró jẹ́ẹ́, màlúù ń dúró dè é.

Mo bi Bàbá Tok. Ó wo ìwé, ó wo òdìkejì odò.
"Ọmọ àwọn tọ̀hún ni," ó fi Háúsá sọ ọ́,
Háúsá tí kò dán mọ́rán lẹ́nu àwa méjèèjì.
Mo ní, níbo ni wọ́n ti bá a?
Ó dákẹ́. Ó gbọn eruku sílípáàsì ẹ̀ nù.
"Àárín wọn. Kaneng ló dì mọ́."
Ó tún ní, "Ìlú ò tíì fẹnu kò lórí ẹ̀."

Ṣọ́ọ̀kì télọ̀ pẹlẹbẹ kan wà láàárín ìwé náà.
Mo fi kọ Yúnúsà sí ìsàlẹ̀ pátápátá,
níbi tí koríko ti fẹ́ gun òkúta.
Bàbá Tok ò dá mi lẹ́kun, kò sì ràn mí lọ́wọ́.
"Òjò á rọ̀ kílẹ̀ tó mọ́," ló wí.
Mo ní mo mọ̀.

Ìgbà tí mo fẹ́ pa ìwé dé ni mo tó rí i,
ohun tí bàbá mi fi bírò pupa kọ
sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀ogún:
fi ínṣì mẹ́ta sílẹ̀ ní ìṣẹ́tí,
á ṣì ga sí i.